Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹgbẹ́ TAMPAN: kí ẹ tó ya àjálù wa, ẹ wá ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀

Sí ẹ̀yin aláṣẹ àti ọmọ ẹgbẹ́ TAMPAN, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré àti aṣefíìmù, àti gbogbo ẹ̀yin olùdarí tí ẹ ń ya fíìmù lédè wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú làálàá orí lokéṣọ̀n. Olùkọ́ ìtàn ni mí ní Adó-Èkìtì. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń di kámẹ́rà mú, mi ò sì wá kọ́ yín níṣẹ́ yín. Ohun tó fà mí wọ ọ̀rọ̀ yín ni pé ọ̀dọ̀ yín làwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ti ń gbọ́ ìtàn kí wọ́n tó jókòó síwájú mi. Ní sáà ẹ̀kọ́ 2009 sí 2010 ni ìjọba àpapọ̀ yọ ìtàn kúrò nínú iṣẹ́ tó dá dúró ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré, ó sì pẹ́ gan-an kí wọ́n tó dá a padà. Ní gbogbo àkókò tí àga wa fi ṣófo yẹn, ẹ̀yin lẹ jókòó sórí rẹ̀. Bí mo bá bi ọmọ ní kíláàsì pé báwo ni Ebola ṣe wọ Èkó, ohun tó rí nínú fíìmù ló máa rò fún mi. Kò burú rárá. Ṣùgbọ́n bí fíìmù bá gbé iṣẹ́ ẹnìkan fún ẹlòmíràn, ta ni yóò bá mi yọ ọ́ kúrò lórí ọmọ náà?

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ ya fíìmù nípa àjálù tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí, kí ẹ tó kọ ojú ìwé kan nínú eré náà, ẹ wá àwọn tó kọ́kọ́ débẹ̀ rí. Ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹni tí wọ́n bá ní ó gba ẹ̀mí là ni kí ẹ jẹ́ kó gba ẹ̀mí là nínú fíìmù yín, bí kò tilẹ̀ wọ aṣọ ìjọba, bí kò tilẹ̀ rí ọ̀rọ̀ gidi kan sọ jù pé ẹ̀rù ba òun. Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ọ́n.

Iṣẹ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín yín. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, ọlọ́pàá ìjọba amúnisìn yìnbọn pa awakùsà èédú 21 ní Iva Valley ní Enugu. Ní 1950, Hubert Ògúndé ti gbé ọ̀rọ̀ náà sórí ìtàgé, ó pè é ní Bread and Bullet. Ọmọ Ìjẹ̀bú ló gbé ẹkún àwọn òṣìṣẹ́ Enugu kiri fún àwọn tí kò mọ Enugu rí. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ má fọwọ́ kan àjálù orílẹ̀-èdè, pé ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn oníròyìn, ẹ má dá a lóhùn. Ogún yín ni.

Ẹ sì ti ń ṣe é dáadáa níbòmíràn. Fíìmù 93 Days tí Steve Gukas darí jáde ní 2016, ọdún méjì péré lẹ́yìn tí Ebola wọlé. Gbogbo wa la mọ Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, tó kọ̀ jálẹ̀ pé Patrick Sawyer, ará Liberia tó gbé àrùn náà wọ Èkó, kò ní kúrò ní ọsibítù, bó ti wù kí wọ́n fúngun mọ́ òun tó. Lásìkò yẹn, àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ọkùnrin náà lọ sí ọsibítù aládàáni nígbà tó ṣubú ní pápákọ̀ òfurufú ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014. Ènìyàn 20 ló kó àrùn náà, 8 kú, Dókítà Adadevoh wà lára wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú fíìmù náà ni pé kò dúró lórí Dókítà Adadevoh nìkan. Ó tẹ̀ lé dókítà kan tó kó àrùn náà tó sì yè, ẹni tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí síta kí ẹnikẹ́ni tó ronú fíìmù. Ẹ rí i pé ẹnu oníkàn ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Síbẹ̀, títí dòní, mélòó nínú wa ló ń rántí òṣìṣẹ́ ECOWAS tó lọ pàdé Sawyer ní pápákọ̀, tí àrùn náà sì pa òun náà? Tàbí nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú oyún nínú? Mi ò dá fíìmù náà lẹ́bi. Wákàtí méjì kò lè gba gbogbo ayé. Mo kàn ń sọ fún yín pé ìtàn ṣì kù nílẹ̀ níbẹ̀.

Ní òkèèrè, ẹ wo ibi tí àìbéèrè gbé wọn dé. Nígbà tí ilé gogoro méjì wó ní New York ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, ọkùnrin méjì tó ti ṣe sójà Marine rí ló wọ inú àwókù náà lọ, tí wọ́n rí ọlọ́pàá méjì tó há sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Jason Thomas, aláwọ̀ dúdú ni. Nígbà tí Oliver Stone ya World Trade Center ní 2006, òṣèré aláwọ̀ funfun ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn tó gbé fíìmù náà jáde tọrọ àforíjì, wọ́n ní àwọn kò tètè mọ̀ pé adúláwọ̀ ni. Ẹ gbọ́ ná! Ẹni tí ẹ ń fi fíìmù yìn, ẹ ò rí ojú rẹ̀ rí?

Ẹ wá fi ti Sully, tí Clint Eastwood darí ní 2016, tì í. Ọkọ̀ òfurufú balẹ̀ sórí odò Hudson ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 2009, gbogbo ènìyàn 155 inú rẹ̀ sì yè. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, Vincent Lombardi, òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n pè pé kó wá ṣe ipa ara rẹ̀. Ìyẹn dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n fíìmù kan náà sọ àwọn olùṣèwádìí ìjàm̀bá ọkọ̀ di ọ̀tá awakọ̀, àwọn olùṣèwádìí sì fáríga pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Eré ń wá ọ̀tá, wọ́n sì mú ẹni tó wà nítòsí. Èyí tó tún wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Ron Howard, Thirteen Lives, nípa àwọn ọmọ méjìlá àti olùkọ́ bọ́ọ̀lù wọn tó há sínú ihò àpáta ní Thailand lọ́dún 2018. Àárín gbogbo àwọn òmùwẹ̀ àti sójà yẹn, fíìmù náà yà bàrá lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ onírẹsì, tí wọ́n gbà kí omi tí wọ́n ń darí kúrò lórí òkè náà bo oko wọn mọ́lẹ̀ kí àwọn ọmọ ọlọ́mọ lè jáde. Wọn kò wẹ̀, wọn kò rì, wọn kò gbé ẹnikẹ́ni. Oko wọn ni wọ́n fi gba ẹ̀mí là. Ta ló máa rántí wọn bí kì í bá ṣe pé ẹnìkan lọ béèrè?

Tiwa tó dé láìpẹ́ ni Hijack '93, tó jáde lórí Netflix ní 2024. Ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1993 ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin já ọkọ̀ òfurufú Nigerian Airways gbà nítorí ìbò June 12 tí wọ́n fagi lé, ọkọ̀ náà sì balẹ̀ sí Niamey. Àwọn ọmọ ogun Niger ló wọ inú rẹ̀ nígbẹ̀yìn, ọ̀kan lára àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà sì kú. Nínú fíìmù, àwọn ajáọkọ̀gbà ló gba àárín. Mo mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀: ọ̀dọ́ tó ń bínú nítorí òṣèlú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn ún sọ. Òṣìṣẹ́ tó kú sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ya tiẹ̀ náà lọ́jọ́ kan.

Kí n tó bọ́ sí ilé, ọ̀rọ̀ kan nípa ogunlọ́gọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ òfurufú Dana já lu ilé ní Ìjú-Ìṣàgá ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2012, tí gbogbo ènìyàn 153 inú rẹ̀ kú pẹ̀lú àwọn mìíràn nílẹ̀, àwọn ará àdúgbò ló ń bá àwọn panápaná fa rọ́bà omi. Àwọn ará àdúgbò kan náà ló dí ọ̀nà, tí sójà ń nà wọ́n, tí wọ́n sì ń ju òkúta lu sójà. Olùgbàlà àti ìdènà, ènìyàn kan náà ni, láàárín wákàtí kan náà. Fíìmù tó bá lè fi èyí hàn láìbú ẹnikẹ́ni, tí kò sì pọ́n ẹnikẹ́ni lé, yóò ju gbogbo ìwé tí mo ní lọ.

Ó yá, Èkìtì.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn agbébọn dá bọ́ọ̀sì tó ń gbé àwọn ọmọ ilé-ìwé darí sílé dúró ní agbègbè Emùré. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n pa ọba méjì ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, tí ọba kẹta tó wà pẹ̀lú wọn sì sá àsálà. Ẹ rántí bí gbogbo Èkìtì ṣe rí lọ́sẹ̀ náà: ìyá kò fẹ́ kọ́mọ lọ sílé ìwé, awakọ̀ kò fẹ́ rìn lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ náà, àwọn olùkọ́ wọn àti awakọ̀ ni wọ́n kó wọ igbó. Ní ọjọ́ 4 oṣù kejì, àwọn ọmọ àti olùkọ́ padà dé. Awakọ̀ kò bá wọn dé. Wọ́n ti pa á.

Ó dá mi lójú pé ẹnìkan nínú yín ti ń rò ó. Ìtàn náà ní ọmọdé, ó ní igbó, ó ní ẹkún ìyá, ó ní ìpadàbọ̀. Ó tó ya. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta lẹ máa ní ó gbà wọ́n sílẹ̀? Ìròyìn tó gba ìgboro kò jọra. Àwọn kan ní àwọn ẹ̀ṣọ́ ààbò ló ṣe é. Àwọn kan ní owó ìràpadà ni. Bí ẹ bá mú èyí tó dùn ún wò, tí sójà ń fò jáde láti inú igbó tí ìbọn ń dún gbọ̀làgbọ̀là, ẹ ó pa owó lọ́wọ́ àwọn òǹwòran, àmọ́ ẹ ó ti sọ fún ẹbí kan ní Emùré pé ohun tí wọ́n ṣe lóru ọjọ́ wọ̀nyẹn kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹni tó ń pe ẹ̀gbọ́n àti àbúrò láti kó owó jọ, olùgbàlà ni òun náà. Olùkọ́ tó ń pa ọmọ ọlọ́mọ lẹ́kún mọ́ra nínú igbó fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí lẹ fẹ́ pè é? Mi ò tíì rí òṣèré tí wọ́n fún nírú ipa bẹ́ẹ̀ nínú fíìmù ajínigbé wa. Àwọn olùkọ́ inú fíìmù wa, ẹgba ni wọ́n máa ń dì mú.

Awakọ̀ náà wá ńkọ́? Mi ò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ìròyìn ti kọ ọ́, nítorí mi ò tíì béèrè lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀. Ohun tí mò ń sọ fún yín kí ẹ ṣe náà nìyẹn. Ẹ béèrè. Bí wọ́n bá gbà, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà níbẹ̀rẹ̀ fíìmù, kó má jẹ́ ìparí tí gbogbo ènìyàn ti ń dìde wá bàtà. Bí wọn kò bá gbà, ẹ fún un lórúkọ mìíràn, kí ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn ọmọ náà ṣì ń lọ sílé ìwé. Ẹ má lọ bi wọ́n léèrè ohunkóhun, bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ fún yín láàyè. Wọ́n á dàgbà, wọ́n á sì sọ fúnra wọn bó bá wù wọ́n.

Mo tún ní ẹ̀dùn ọkàn kan nípa àwọn ọdẹ. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020, àti ṣáájú ìgbà náà pàápàá, ọdẹ ló mọ igbó wa. Bí wọ́n bá jí ènìyàn gbé lójú ọ̀nà, àwọn ọdẹ ni wọ́n ń kọ́kọ́ jí dìde lójú oorun, torí àwọn ló mọ ibi tí ẹsẹ̀ gbà. Nínú fíìmù yín, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀? Ọdẹ á pọfọ̀, èéfín á rú, á pòórá, á yọ lẹ́yìn ọ̀tá. Ẹ má bínú sí mi. Mi ò jiyàn pé wọn kì í gbé ohun tí wọ́n ń gbé dání. Àwọn náà á sọ fún yín bí ẹ bá bi wọ́n. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí mo mọ̀ tí ń wọ igbó yẹn, iná tọ́ọ̀ṣì orí ló ní, ìbọn ṣakabùlà, àti bàtà rọ́bà tó ti lu. Kì í pòórá. Ọta ìbọn ajínigbé lè bá a, ó sì mọ̀, síbẹ̀ ó lọ. Bí ẹ bá fún un ní àféèrí nínú fíìmù, ẹ ti gba ohun kan ṣoṣo tó ní lọ́wọ́ rẹ̀: ẹ̀rù tó bà á tó fi lọ. Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Ìṣẹ́ àti ìyà yẹn gan-an ni kí ẹ ya.

Nígbà tí a wà lórí ẹni tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí ti ẹlòmíràn, a kò lè fo Adékúnlé Fájuyì. Ọmọ Adó yìí ni. Ó ti gba àmì ẹ̀yẹ Military Cross fún iṣẹ́ tó ṣe ní Kóńgò kí wọ́n tó fi í ṣe gómìnà ológun fún Ìwọ̀-Oòrùn. Ní oṣù keje ọdún 1966, Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba, dé sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn fún ìpàdé pẹ̀lú àwọn ọba. Ọjọ́ 29 ni àwọn sójà tó ń dìtẹ̀ yí ilé ìjọba ká, wọ́n kó àlejò àti ẹni tó gbà á lálejò, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì lẹ́yìn odi Ìbàdàn. Ó di oṣù kìíní ọdún 1967 kí wọ́n tó kéde ikú wọn, tí wọ́n sì sin Fájuyì pẹ̀lú ọlá ológun níbí ní Adó.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nílùú yìí, wọ́n á sọ fún yín pé ó ní bí wọ́n bá máa pa àlejò òun, kí wọ́n pa òun náà. Orí ìtàn yẹn ni wọ́n tọ́ wa dàgbà. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú àwọn tó kọ̀wé nípa ìgbà náà tí wọ́n ní àwọn sójà yẹn ti ń fura sí Fájuyì tẹ́lẹ̀ nítorí ìdìtẹ̀ oṣù kìíní ọdún kan náà, pé wọn ì bá pa á bó ti wù kó rí. Ẹni tó jẹ́ ADC Ironsi, ọ̀gá sójà tó ń tẹ̀ lé e kiri, là á já, ó sì ti sọ tiẹ̀. Kí wá ni kí ẹ ṣe? Ó lè wu èmi ọmọ Èkìtì kí ẹ ya èyí tí mo fẹ́ràn. Àmọ́ iṣẹ́ mi kò gbà mí láàyè. Ẹ fi àríyànjiyàn náà sínú fíìmù. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan sọ ọ́ báyìí, kí ẹlòmíràn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Fájuyì kò ní kéré sí i. Ohun tó dájú nínú gbogbo rẹ̀ ni pé àlejò rẹ̀ kò dá nìkan kú. Ẹ sì mọ̀ wá, ìlú tí ọ̀jọ̀gbọ́n pọ̀ bíi tiwa yìí, bí ẹ bá sọ ọ́ di àlọ́ tó mọ́ kedere, ìwé ẹ̀hónú tí a máa kọ sí yín yóò nípọn ju ìwé eré lọ.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Owó dà? Ta ló máa san owó fún ẹni tó ń lọ jókòó sílé ọdẹ fún oṣù kan tí kò ya nǹkankan? Òótọ́ ni, mi ò sì ní ìdáhùn gbogbo. Ṣùgbọ́n mo rí ohun tí ẹ ń ná sórí aṣọ ọba àti ẹṣin nínú fíìmù ogun, kò sì sí ẹni tó ní kí ẹ má ná an. Ẹ yọ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ san owó fún àwọn tó sọ ìtàn wọn fún yín, torí ìtàn wọn lẹ fẹ́ tà. Kí fíìmù náà tó dé Èkó, ẹ gbé e wá hàn nínú ìlú tí ó ti ṣẹlẹ̀, fún ẹbí nìkan, lọ́sàn-án, kí wọ́n lè sọ ibi tó dùn wọ́n. Bí ẹkún bá pọ̀ jù níbì kan, ẹ gé e. Ẹ ṣáà ti ní ẹ máa ń gé ohun tí àjọ ayẹ̀fíìmùwò bá ní kí ẹ gé.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Fájuyì, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà ìsìnkú náà ti ń súnmọ́ àádọ́rin ọdún báyìí. Ẹ má kọ́kọ́ lọ sí páàkì Fájuyì, ère lẹ máa bá níbẹ̀, kò sì ní dá yín lóhùn. Ẹ wá lásìkò ìsinmi ilé ìwé, màá bá yín dé ilé àwọn àgbà tó wà lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Ẹ má gbé kámẹ́rà wá nígbà àkọ́kọ́.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ ìtàn kan, Adó-Èkìtì